Másùnmáwo nílé ìtọ́jú: ẹ yẹ iṣẹ́ wò kí ẹ tó yẹ òṣìṣẹ́ wò

Nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, nílé àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, nílé àwọn tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ, àmì àkọ́kọ́ pé nǹkan ti ń wọ́ kì í ṣe ẹkún. Ìsinmi àìsàn ló máa ń pọ̀ sí i, ọjọ́ kan níbí, ọjọ́ méjì lọ́hùn-ún. Àwọn tó ń wá ẹni bá wọn pààrọ̀ ṣíìfù á pọ̀. Ẹni tó máa ń dá àbá nínú ìpàdé á dákẹ́. Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ á wá máa dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń ṣe nígbà náà ni kí wọ́n pe olùbánisọ̀rọ̀ kan wá, kó wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa fara da wàhálà. Wákàtí méjì, fọ́tò, ó parí. Lọ́jọ́ kejì, òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló tún wà pẹ̀lú èèyàn mẹ́jọ ní wọ́ọ̀dù kejì.

Alábòójútó ilé ìtọ́jú, olórí ṣíìfù àti ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni a kọ èyí fún. Ibi tí a dúró sí ni pé inú iṣẹ́ ni ẹ máa wá másùnmáwo sí kí ẹ tó wá a sínú òṣìṣẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kò jìnnà sí ibẹ̀. Nínú ICD-11, àtẹ àìsàn wọn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, wọn kò ka burnout, ìyẹn àárẹ̀ tí iṣẹ́ fi ń tán èèyàn lókun, kún àìsàn. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ibi iṣẹ́ ló ti ń wá, nígbà tí másùnmáwo bá pẹ́ nílẹ̀ tí wọn kò wá nǹkan ṣe sí i. Wọ́n dárúkọ àmì mẹ́ta: kí okun tán nínú èèyàn, kí ọkàn rẹ̀ kúrò lórí iṣẹ́ tàbí kó máa fojú burúkú wò ó, àti kó máa rí i pé ọwọ́ òun kò ká iṣẹ́ náà mọ́. Àmì kejì yẹn ni kí ẹ ṣọ́ jù nílé ìtọ́jú. Òṣìṣẹ́ tó ti rẹ̀ ṣì lè fọwọ́ pẹ̀lẹ́ mú èèyàn. Èyí tí ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pe àgbàlagbà ní nọ́ńbà yàrá.

Ohun tó mú iṣẹ́ yìí yàtọ̀

Iṣẹ́ tó le pọ̀, àmọ́ ohun mẹ́ta ló pàdé nínú iṣẹ́ ìtọ́jú. Àkọ́kọ́ ni pé ojú àti ohùn òṣìṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Ó gbọ́dọ̀ fi pẹ̀lẹ́tù sọ̀rọ̀ bí wọ́n tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tutọ́ sí i lójú. Arlie Hochschild, onímọ̀ nípa àwùjọ ọmọ Amẹ́ríkà, ló fún irú iṣẹ́ yìí lórúkọ ní 1983: kéèyàn máa darí ìmọ̀lára ara rẹ̀ nítorí owó oṣù. Kò sí nínú rósítà, kò sí nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, síbẹ̀ òun ló ń gba okun jù.

Ìkejì, ẹni tí à ń tọ́jú lè gbá òṣìṣẹ́ létí tàbí kó gé e jẹ láìsí pé ẹ̀bi rẹ̀ ni, pàápàá ẹni tí àrùn ìgbàgbé ti mú. Òṣìṣẹ́ kò rí ẹni bínú sí. Ìkẹta ni ikú. Ẹni tí èèyàn ti ń wẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kú lóru ọjọ́ Ajé. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, iṣẹ́ sì ń lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó ti wà lọ́wọ́ yín

Ẹ má tíì pín ìwé ìbéèrè kankan. Ẹ kó àkọsílẹ̀ oṣù 12 tó kọjá jọ: rósítà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ àti bó ṣe padà rí, ìsinmi àìsàn, wákàtí àfikún, ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n ń kọ ìṣubú, ìkọlù àti àṣìṣe oògùn sí, àti àwọn tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọlé àti ọjọ́ tí wọ́n jáde.

Rósítà ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 28. Bí ẹ bá ń ṣe ṣíìfù mẹ́ta lójúmọ́, ṣíìfù 84 nìyẹn fún wọ́ọ̀dù kan. Ẹ ka iye èyí tí òṣìṣẹ́ kò pé iye tí ẹ fúnra yín kọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 21, á jẹ́ pé ṣíìfù kan nínú mẹ́rin ni kò péye. Rósítà tó bá ti rí báyẹn kì í ṣe rósítà mọ́, àdúrà ni.

Lẹ́yìn náà, iye àwọn tó ń lọ. Ẹ fi iye òṣìṣẹ́ tí ilé náà ní ní ìpíndọ́gba lọ́dún pín iye àwọn tó lọ, kí ẹ sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ilé tó ní òṣìṣẹ́ 40 tí 14 sì lọ ti pàdánù ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn nìkan kò sọ púpọ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe pẹ́ tó kí wọ́n tó lọ. Bí mẹ́wàá nínú wọn kò bá lò tó oṣù mẹ́fà, ìṣòro wà níbi ìgbanisíṣẹ́: ohun tí ẹ sọ fún wọn nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kọ́ ni wọ́n bá, tàbí ẹ ti fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan ní òru nígbà tí wọn kò tíì mọ orúkọ àwọn èèyàn ilé. Bó bá jẹ́ àwọn tó ti lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń lọ, nǹkan kan ti yí padà. Ẹ wá oṣù tí àlọ wọn bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀: ọ̀gá tuntun, rósítà tuntun, tàbí wọ́ọ̀dù méjì tí wọ́n dà pọ̀.

Ní ti ìsinmi àìsàn, àwọn kan máa ń lo ìṣirò Bradford: ẹ fi iye ìgbà tí ẹnì kan kò wá sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ tún fi iye ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹni tó gba ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 10. Ẹni tó gba ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nígbà mẹ́wàá ní 1,000. Ìṣirò yìí dára láti fi mọ ibi tí ojú yín yẹ kó lọ. Kò dára láti fi ṣe pàṣán. Ọ̀pọ̀ ìsinmi ọjọ́ kan jẹ́ ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ fi ń gba ìsinmi tí rósítà kò fún un. Bí ẹ bá sọ ọ́ di ìjìyà, wọ́n á máa fi àìsàn wá síṣẹ́, ìgbẹ́ gbuuru tàbí ọ̀fìnkìn tí wọ́n gbé wá á sì ká àwọn arúgbó mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì.

Ìwé ìbéèrè: èwo, báwo, ta ni yóò gbà á

Ẹ má jókòó kọ ìbéèrè tiyín. Ìbéèrè tí èèyàn kọ ní ìrọ̀lẹ́ kan máa ń béèrè ohun méjì pọ̀, tàbí kó ti fi ìdáhùn tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́ sínú. Àwọn èyí tí wọ́n ti dán wò wà. Ti Christina Maslach àti Susan Jackson, tó jáde ní 1981, ní ìbéèrè 22, òun ló gbajúmọ̀ jù, àmọ́ ẹ máa sanwó kí ẹ tó lò ó. Èyí tí Tage Kristensen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Denmark, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005 lórúkọ Copenhagen Burnout Inventory, ní ìbéèrè 19, ọ̀fẹ́ sì ni. Àjọ tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, HSE, náà ní ìbéèrè 35 tó dá lórí ohun mẹ́fà: ìwọ̀n iṣẹ́, àṣẹ tí òṣìṣẹ́ ní lórí iṣẹ́ rẹ̀, ìrànlọ́wọ́, àjọṣe, kí ojúṣe hàn kedere, àti bí wọ́n ṣe ń ṣe àyípadà.

Fún ilé ìtọ́jú, ti Copenhagen àti ti HSE pa pọ̀ la máa yàn. Èkíní á sọ bó ti rẹ̀ wọ́n tó, èkejì á sọ ohun tó fà á. Ìbéèrè 54 ni gbogbo rẹ̀, kò sì yẹ kó gbà ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ fún wọn ní ogún ìṣẹ́jú yẹn nínú àkókò iṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó fún, kí ẹnì kan sì dúró fún wọn ní wọ́ọ̀dù. Fọ́ọ̀mù tí èèyàn gbé lọ sílé kì í sábà padà.

Ti Copenhagen pín sí mẹ́ta: ìbéèrè 6 lórí àárẹ̀ gbogbogbòò, 7 lórí àárẹ̀ tí iṣẹ́ fà, 6 lórí àárẹ̀ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn tí à ń tọ́jú wá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní 0, 25, 50, 75 tàbí 100, kí ẹ wá wá ìpíndọ́gba apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Láti 50 lọ sókè ni àwọn olùwádìí sábà máa ń kà sí àárẹ̀ tó ti kọjá kékeré. Ẹ ṣọ́ra fún ìbéèrè kan nínú apá kejì, èyí tó ń béèrè bóyá okun ṣì kù nínú òṣìṣẹ́ fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Òun nìkan ni “bẹ́ẹ̀ ni, nígbà gbogbo” ti jẹ́ ìròyìn ayọ̀, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ yí máàkì rẹ̀ padà. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á rò pé gbogbo ilé ti rẹ̀ ju bó ṣe rẹ̀ ẹ́ gan-an lọ, tàbí pé kò rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo ìbéèrè náà ní èdè tí wọn kò fi kọ ọ́, kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ tún un padà sí èdè ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí ẹ wá fi èyí wé ti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kí òṣìṣẹ́ máa ka “oníbàárà” níbi tó ti ń pe èèyàn ní “màmá” lójoojúmọ́ á mú kó dáhùn lórí nǹkan mìíràn.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló ń ba ìwádìí jẹ́ jù. Òṣìṣẹ́ máa ń ṣírò rẹ̀ kíákíá: bí fọ́ọ̀mù bá béèrè wọ́ọ̀dù, ipò iṣẹ́, ọjọ́ orí àti ọdún tó ti lò, ó ti mọ̀ pé òun nìkan ni nọ́ọ̀sì tó lé ní àádọ́ta ọdún ní wọ́ọ̀dù kẹta. Ẹ béèrè wọ́ọ̀dù àti ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sán àti òru nìkan. Ẹ má ṣe gbé èsì ẹgbẹ́ tí kò tó èèyàn márùn-ún jáde, bó bá jẹ́ mẹ́wàá, ó dára jù. Kí ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá wọn gba fọ́ọ̀mù náà, kí ìdáhùn jẹ́ fífàmì sí kì í ṣe kíkọ, nítorí gbogbo ilé ló mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ara wọn. Bí ilé yín kò bá ju òṣìṣẹ́ méjìlá lọ, ẹ fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ lọ tààrà sí ìjíròrò tó ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn alásè, àwọn agbálẹ̀ àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ òru. Agbálẹ̀ sábà máa ń gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì kò gbọ́. Bí kò bá tó ìdajì àwọn òṣìṣẹ́ tó dá fọ́ọ̀mù padà, ẹ má wulẹ̀ lé wọn kiri: wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé yín, èsì ìwádìí nìyẹn.

Bí a ṣe ń ka èsì

Ìpíndọ́gba lè parọ́. Ká ní ogún èèyàn dáhùn, tí ìpíndọ́gba sì jẹ́ 46. Ọ̀gá á ní “a kò tíì dé 50.” Àmọ́ ó lè jẹ́ pé àwọn méjìlá wà ní 30, tí àwọn mẹ́jọ wà ní 70. Ẹ máa ka iye àwọn tó dé 50 tàbí tó kọjá a ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó wo ìpíndọ́gba.

Ẹ wá fi apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí àárẹ̀ gbogbogbòò bá ga tí ti iṣẹ́ sì wà nísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ kejì níbòmíràn tàbí ẹrù nílé. Bí ti àwọn tí à ń tọ́jú bá ga ní wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ẹ wo àwọn tí ẹ kó jọ síbẹ̀ àti iye ọwọ́ tó ń tọ́jú wọn. Èyí tí à ń rí jù ni kí ti iṣẹ́ ga jákèjádò ilé, kí ti àwọn tí à ń tọ́jú wà nísàlẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn arúgbó tàbí àwọn ọmọ náà kò sú wọn. Bí ẹ ṣe to iṣẹ́ ló sú wọn. Ẹ̀kọ́ lórí sùúrù àti ìfẹ́ ẹnìkejì kò ní ṣe irú àwọn òṣìṣẹ́ yìí láǹfààní kankan, ẹ̀gàn ni wọ́n máa kà á sí.

Ìjíròrò lórí ṣíìfù kan ṣoṣo

Ẹ kó èèyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ jọ, kí ọ̀gá wọn má sí níbẹ̀, kí ẹni tó ń darí ìjíròrò wá láti ìta tàbí láti ẹ̀ka mìíràn. Wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀ tó. Ẹ má béèrè pé “báwo ni iṣẹ́ ṣe rí lára yín?” Ìbéèrè yẹn á mú àròyé tó fẹ̀ jù wá, tàbí ìdákẹ́jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n mú ṣíìfù tí wọ́n ṣe kẹ́yìn, kí wọ́n tò ó ní wákàtí-wákàtí. Wákàtí wo ni àyà yín ti máa ń já? Kí lẹ fi sílẹ̀ láìṣe? Ta lẹ pè tí kò dáhùn? Nígbà wo lẹ jókòó? Ẹ kọ ọ́ sára ògiri bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹgbẹ́ mẹ́ta tó yàtọ̀ bá dárúkọ wákàtí kan náà, ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ìṣirò òwúrọ̀

Wákàtí tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ ni òwúrọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀. Èèyàn mẹ́jọ, ìwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀ gba ìṣẹ́jú 25 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ ní aago mẹ́sàn-án, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago méje, òṣìṣẹ́ méjì. Ìṣẹ́jú 240 ni àwọn méjèèjì ní. Mẹ́jọ lọ́nà 25 jẹ́ 200, ó dà bíi pé ó tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta nínú wọn bá jẹ́ ẹni tí èèyàn méjì gbọ́dọ̀ jọ gbé, àwọn márùn-ún yòókù gba 125, àwọn mẹ́ta yẹn gba 150, àpapọ̀ rẹ̀ di 275. Ìṣẹ́jú 35 ti dín. Ìṣẹ́jú 35 yẹn kì í sọnù lásán. Wọ́n á mú un nínú ìsinmi wọn, wọ́n á mú un nínú ọ̀rọ̀ tí wọn ì bá bá ẹni tí wọ́n ń wẹ̀ sọ, tàbí kí ẹnì kan dá gbé ẹni tó yẹ kí èèyàn méjì gbé, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kán. Ní alẹ́, òṣìṣẹ́ á máa rò pé òun ló lọ́ra.

Owó òṣìṣẹ́ kẹta lè má sí. Síbẹ̀, kò sí òfin tó ní kí gbogbo èèyàn wẹ̀ kí wọ́n tó jẹun. Ẹ bi àwọn tí ẹ ń tọ́jú léèrè ìgbà tó wù wọ́n. Nínú mẹ́jọ, a máa ń rí méjì tàbí mẹ́ta tó fẹ́ wẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí tó fẹ́ sùn pẹ́. Bí ẹ bá gbé ẹnì kan nínú àwọn tó nílò ọwọ́ méjì lọ sí ìrọ̀lẹ́, 50 kúrò nínú 275, ó ku 225, ó sì ti bọ́ sínú 240. Irú àtúnṣe báyìí kò ná yín ní kọ́bọ̀, kò sì sí olùbánisọ̀rọ̀ tó lè ṣe é fún yín.

Rósítà àti ìfiṣẹ́lélẹ̀

Ẹ gbé rósítà jáde ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wákàtí mọ́kànlá wà láàárín ṣíìfù méjì, ìwọ̀n tí òfin àpapọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti 2003 fi lélẹ̀ nìyẹn, ó sì bá ara èèyàn mu níbikíbi. Ẹni tó jáde ní aago mẹ́wàá alẹ́ tó gbọ́dọ̀ padà ní aago méje àárọ̀ ní wákàtí mẹ́sàn-án péré. Yọ ìrìn àlọ àti àbọ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan, yọ oúnjẹ àti ìwẹ̀, oorun rẹ̀ kò ní pé wákàtí mẹ́fà.

Bí ṣíìfù bá ń yí, kó yí síwájú: àárọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀sán, lẹ́yìn náà òru. Aago inú ara máa ń gbà kí á sùn pẹ́ díẹ̀ sí i ju kí á tètè sùn lọ, ìdí nìyẹn tí yíyí sẹ́yìn fi ń pa èèyàn lára jù. Òru mẹ́ta léra, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí oorun alẹ́ méjì gbáko tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ràn òru títí lọ wà, ẹ jẹ́ kó ṣe é, àmọ́ ẹ máa bi í léèrè ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Pípe òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ ni èyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò kà sí nǹkan. Kódà bó bá kọ̀, ìsinmi ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́, torí á máa wo fóònù. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ àwọn tó fẹ́ kí wọ́n pe àwọn fún ṣíìfù àfikún àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́, kí ẹ má pe ẹlòmíràn. Kí àkọsílẹ̀ àfikún náà wà lára ògiri níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí ẹni tó gbà á àti iye ìgbà. Ojúsàájú nínú ọjọ́ ọdún àti ọjọ́ ìsinmi máa ń bí ìjà ju iṣẹ́ tó wúwo lọ.

Ní ti ìfiṣẹ́lélẹ̀, ìyẹn bí ṣíìfù kan ṣe ń fa iṣẹ́ lé èyí tó tẹ̀ lé e lọ́wọ́, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kún un níbi tí ṣíìfù méjì ti pàdé, kí ẹ sì sanwó rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ lọ ní ìtòtẹ̀léra kan náà lójoojúmọ́: ẹni tí ara rẹ̀ yí padà, oògùn tó yàtọ̀, ẹni tó ṣubú tàbí tó bínú àti ohun tó ṣáájú rẹ̀, ohun tí wọn kò rí ṣe. “Ohun tí a kò rí ṣe” gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí èèyàn lè sọ láìsí pé ojú ń tì í. Níbi tí wọn kò bá ti lè sọ ọ́, wọ́n á fàmì sí i pé àwọn ti ṣe é.

Ìsinmi oúnjẹ tí kò sí ẹni tó dúró fún òṣìṣẹ́ kì í ṣe ìsinmi. Ẹ kọ orúkọ adípò sínú rósítà ọjọ́ náà.

Ìkọlù, ikú àti àṣẹ

Nígbà tí ẹni tí à ń tọ́jú bá lu òṣìṣẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ọ̀gá béèrè ló máa sọ bóyá òṣìṣẹ́ náà á tún sọ tòótọ́ lọ́jọ́ mìíràn. “Kí lo ṣe fún un?” ti pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ mú un kúrò ní wọ́ọ̀dù ní wéré, ẹ wo ọgbẹ́ rẹ̀, ẹ bi í bóyá ó fẹ́ lọ sílé tàbí kó ṣe iṣẹ́ mìíràn. Lọ́jọ́ kejì ni kí ẹ wá jọ wo ohun tó ṣáájú rẹ̀: ariwo, ìrora tí ẹni náà kò lè sọ, ìwẹ̀ tí wọ́n sáré ṣe, òùngbẹ. Bí ẹ bá kọ ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́wàá sílẹ̀ pẹ̀lú aago, ẹ máa rí i pé wọn kì í tú ká jákèjádò ọjọ́.

Ẹ má fipá mú ẹnikẹ́ni jókòó sọ gbogbo bó ṣe rí lára rẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀. Àyẹ̀wò àjọ Cochrane, tó máa ń kó èsì ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, lórí irú ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan bẹ́ẹ̀ kò rí i pé ó ń dènà ìpayà tó máa ń tẹ̀ lé e. Ohun tó dára ni kí ẹnì kan tó fọkàn tán bi í léèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àti lẹ́yìn oṣù kan. Bí oorun rẹ̀ kò bá padà lẹ́yìn oṣù kan, dókítà ló kàn.

Bí ẹnì kan bá kú, kí gbogbo ṣíìfù gbọ́ látẹnu olórí wọn kí wọ́n tó rí bẹ́ẹ̀dì òfìfo. Kí àwọn tó tọ́jú rẹ̀ láǹfààní láti lọ síbi ìsìnkú lákòókò iṣẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí bẹ́ẹ̀dì náà dúró ọjọ́ kan.

Robert Karasek, olùwádìí nípa másùnmáwo lẹ́nu iṣẹ́, fi hàn ní 1979 pé iṣẹ́ tó wúwo nìkan kọ́ ló ń ba èèyàn jẹ́, iṣẹ́ tó wúwo tí èèyàn kò sì ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀ ni. Ẹ jọ kọ ìwé olójú ewé kan tó to ohun tí òṣìṣẹ́ lè ṣe láìbéèrè: kó yí aago ìwẹ̀ padà, kó pe ẹbí, kó pe dókítà, kó dá ìgbòkègbodò dúró bó bá rí ewu. Àwọn ilé kan máa ń ṣe òdì kejì, wọ́n á pín iṣẹ́ wẹ́wẹ́, ẹnì kan fún ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹlòmíràn fún bẹ́ẹ̀dì títẹ́, kí òṣìṣẹ́ má bàa sún mọ́ ẹnikẹ́ni jù. Isabel Menzies, onímọ̀ nípa ìrònú ọkàn, rí irú rẹ̀ láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan ní London ní ìparí àwọn ọdún 1950: ètò náà kò mú ìdààmú wọn kúrò, ó sì gba ìtẹ́lọ́rùn tí iṣẹ́ náà ì bá fún wọn.

Kí olórí pàdé òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù fún ìṣẹ́jú 45, níbi tí kò sí fóònù, kí ìpàdé yìí má sì jẹ́ ibi ìbáwí. Ẹ̀sùn àti ìgbéga ní àkókò tiwọn.

Lẹ́yìn ìwádìí

Ẹ mú èsì padà fún wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò dùn yín nínú. Ẹ mú ohun méjì tàbí mẹ́ta péré, ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí. Ó kéré tán kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ohun tí wọ́n máa rí lójú láàárín oṣù kan: àga tuntun ní yàrá ìsinmi, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹ sanwó rẹ̀. Ìwádìí tí kò mú àtúnṣe wá burú ju àìṣèwádìí lọ, torí lọ́dún tó ń bọ̀ irọ́ ni wọ́n máa fi kún fọ́ọ̀mù náà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá gan-an ni wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó ń fìtínà wọn, kò lè jẹ́ òun ló máa ka ẹ̀sùn náà. Àdéhùn 190 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí wọ́n ṣe ní 2019 lórí ìwà ipá àti ìfìtínà lẹ́nu iṣẹ́, béèrè ọ̀nà ìfẹ̀sùn tó ní ààbò fún ẹni tó sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣe tán fún ohun kan tó máa ń da àwọn ọ̀gá láàmú. Láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìròyìn ìkọlù àti àṣìṣe máa pọ̀ sí i. Kì í ṣe pé ilé náà ti bàjẹ́ sí i, ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sílẹ̀. Ẹ ṣàlàyé èyí fún ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé kí wọ́n tó rí nọ́ńbà náà.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò dúró de ìwádìí. Òṣìṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ pé ayé sú òun, tí kò sùn mọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí tó ń lo ọtí kó tó wá síṣẹ́, ọ̀rọ̀ dókítà ni lónìí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń le lára àwọn tí à ń tọ́jú, ẹ mú un kúrò níbẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ lé ìlànà ààbò ilé yín láìfi nǹkan kan pamọ́. Àárẹ̀ lè ṣàlàyé ìdí tó fi ṣe é, kò dá a láre. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ka iye ṣíìfù tó ṣe lóṣù yẹn.

Ẹ tún wọn wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà sí méjìlá, ìbéèrè kan náà, wọ́ọ̀dù kan náà, ní irú àkókò kan náà nínú ọdún, kí ẹ má ṣe é lọ́sẹ̀ tí àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn ń jà tàbí tí ọ̀pọ̀ wà ní ìsinmi ọdọọdún. Láàárín rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta lóṣooṣù tó: ṣé o rí ìsinmi oúnjẹ rẹ gbà lọ́sẹ̀ yìí, ṣé wọ́n pè ọ́ lọ́jọ́ ìsinmi rẹ, ṣé iṣẹ́ kan wà tí o kọ sílẹ̀ pé o ṣe tí o kò ráyè ṣe?